Àdìrẹ Ọlọ́ba
Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta gbé àwòrán òun àti Ayaba Mary sórí aṣọ, tadétadé.

Ọkùnrin ló ń gé bátànì. Páànù síńkì, tàbí èyí tí wọ́n bó nínú àpótí tíì, ni wọ́n ń dá ihò sí. Wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ funfun, wọ́n á ra ẹ̀kọ láfún tí wọ́n po álọ́ọ̀mù mọ́ kọjá ojú ihò náà. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, ó kan obìnrin aláró: yóò rì í sínú aró elú, yóò yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, yóò tún rì í. Ibi tí ẹ̀kọ bò kì í gba aró tó ìyókù.

Bí wọ́n ṣe gbé àwòrán ọba Òyìnbó sórí aṣọ yìí, àwọn ará Ṣáínà ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí: wọ́n ń kun àmì ìdílé àwọn Òyìnbó sára àwo tánganran fún wọn. Lára ìgò kan tí Jorge Álvares ará Pọtogí ní kí wọ́n ṣe ní 1552, orí kodò ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí; ó jọ pé oníṣẹ́ náà kò mọ lẹ́tà Òyìnbó kà.

Ṣùgbọ́n olówó àwo ló ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n kun tirẹ̀. Ní ti àdìrẹ ọlọ́ba, Ọba George kọ́ ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́; ọjà ló ń béèrè rẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe é lẹ́yìn òmìnira 1960.