Igi Ìdúró Odídẹrẹ́: Ìtàn Ẹyẹ Tí Kò Padà Wálé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ tí a mú kúrò nínú igbó wá sínú ilé ènìyàn mu. Nígbà tí ẹni tí ó ń sin odídẹrẹ́ bá kọ́kọ́ gbé igi kalẹ̀ sínú yàrá pé kí ẹyẹ náà máa dúró lé e, ẹyẹ náà kì í sábà gbà. Yóò fò lọ sórí àga, yóò gun aṣọ fèrèsé, yóò tún padà sórí àgò rẹ̀. Ẹni tí ó ni ín yóò bínú, yóò ní olóríkunkun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ẹyẹ yìí gbà dé inú yàrá yóò rí i pé kì í ṣe oríkunkun rárá. Ìtàn ọ̀nà náà ni mo fẹ́ sọ ní ṣókí, nítorí pé ó kan àwa ọmọ Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ pẹ̀lú.

Igbó ni ilé odídẹrẹ́, láti Côte d'Ivoire títí dé ìwọ̀-oòrùn Kenya. Ìka mẹ́rin ni ó ní ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn. Èyí ni ó fi ń di ẹ̀ka mú ṣinṣin, òun náà ni ó fi ń gbé ẹyìn sẹ́nu bí ọmọdé tí ń jẹ àkàrà. Ẹ̀ka inú igbó kò rí bákan náà: òmíràn nípọn, òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn a sì máa mì. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, odídẹrẹ́ púpọ̀ a kóra jọ sórí igi gíga láti sùn, nítorí ẹyẹ tí ó dá wà ni ẹyẹ apẹran ń tètè gbé. Nítorí náà, ohun méjì ni ẹsẹ̀ odídẹrẹ́ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀ka oríṣiríṣi, àti ẹgbẹ́ tí yóò bá a dúró lórí ẹ̀ka náà.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìkóóde, ìyẹ́ ìrù rẹ̀ pupa nì, ni a fi ń dá a mọ̀ jù. Ìyẹ́ yìí ni a ń fi sí iwájú orí ìyàwó òrìṣà. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì kò gbàgbé rẹ̀. Nínú àwọn ilé òrìṣà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ketu níbẹ̀, orúkọ ìlú wa, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀sìn ṣì ń fi ìyẹ́ pupa náà síwájú orí, ekodidé sì ni wọ́n ń pè é títí di òní. Àwa fẹ́ràn ìyẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ní tiwọn fẹ́ràn ohùn rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí ni ó la ọ̀nà yìí láti etíkun Áfíríkà. Nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, odídẹrẹ́ ti wà nínú ilé àwọn ọlọ́lá. Frances Stewart, ìyàwó olóyè tí wọ́n ń pè ní Duke of Richmond, tí a tọ́ dàgbà ní ilẹ̀ Faransé, ní ọ̀kan. Wọ́n ní ẹyẹ náà bá a gbé fún bí ogójì ọdún, àti pé lẹ́yìn tí obìnrin náà kú ní 1702, ọjọ́ díẹ̀ ni òun náà lò láyé. Wọ́n tọ́jú òkú ẹyẹ náà kí ó má baà jẹrà. Ó wà ní Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù di òní, pẹ̀lú ère obìnrin náà tí wọ́n fi ìda mọ.

Ní ìlú Paris, àwòrán méjì sọ̀rọ̀ nípa igi ìdúró yìí gan-an, ohun tí àwọn Faransé ń pè ní perchoir. Ní 1866, Gustave Courbet ya obìnrin kan tí ó dùbúlẹ̀, tí ayékòótọ́ aláwọ̀ mèremère bà lé e lọ́wọ́, tí ó na ìyẹ́ sílẹ̀. Igi ìdúró ẹyẹ náà wà lẹ́yìn wọn, ó ṣófo. Ní ọdún náà, Édouard Manet ya tirẹ̀. Odídẹrẹ́ eléérú ti Áfíríkà ni ó wà nínú èyí. Ó dúró jẹ́jẹ́ lórí igi gíga, obìnrin náà dúró tì í, ọsàn tí a bó dé ìdajì sì wà nísàlẹ̀ igi. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà, Metropolitan Museum ní New York, ni àwòrán méjèèjì wà báyìí. Ẹni tí ó bá wò wọ́n papọ̀ yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́: ẹyẹ kì í fi ọwọ́ ènìyàn sílẹ̀ lọ sórí igi tí ó wà lẹ́yìn, níbi tí kò ti sí ẹnìkan, ṣùgbọ́n bí igi náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó mọ̀, yóò dúró.

Ẹ̀rí míràn ti Amẹ́ríkà wá. Ní 1977, Irene Pepperberg ra odídẹrẹ́ kan ní ìlú Chicago, ó sọ ọ́ ní Alex, ó sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ títí ẹyẹ náà fi kú ní 2007. Alex mọ orúkọ àwọ̀, ó lè ka nǹkan dé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kàn wá jù níhìn-ín ni pé ó kọ́ láti sọ ibi tí ó fẹ́ kí a gbé òun lọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ rọrùn láti ṣàlàyé: ènìyàn méjì a máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan, wọn a máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, títí òjòwú ẹyẹ yóò fi fẹ́ ní ìpín nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí náà ni ẹni tí ó ní odídẹrẹ́ nílé lè lò. Kí ó gbé igi ìdúró sí ibi tí ìdílé ń jókòó sí, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀. Kí ó lo ẹ̀ka gidi tí kò nípọn bákan náà, nítorí igi bọ̀rọ̀gìdì kan ṣoṣo a máa dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹyẹ. Kí ó kọ́kọ́ fi igi náà sílẹ̀ ní ọ̀ọ́kán fún ọjọ́ mélòó kan, kí òun fúnra rẹ̀ máa fọwọ́ kàn án, kí ó máa ṣeré nídìí rẹ̀ lójú ẹyẹ náà. Oúnjẹ tí ẹyẹ fẹ́ràn jù, bí ẹ̀pà, kí ó jẹ́ pé orí igi náà nìkan ni yóò ti máa rí i. Bí ó bá dúró fún ìṣẹ́jú kan lónìí, kí a yìn ín, kí a gbé e kúrò kí ó tó sú u. Kí a má fi ipá tì í, kí a má lé e kiri. Ẹyẹ tí ẹ̀rù bà lórí igi kan kò ní yára gbàgbé igi náà.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò parí sínú yàrá. Láti 1975, odídẹrẹ́ tí a mú nínú igbó tí a sì tà sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù kan, ìyẹn kìkì èyí tí a kọ sínú ìwé. Ní Ghana, tí ó bá Tógò pààlà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ní 2016, nínú ìpàdé àjọ CITES ní Johannesburg, a fi òfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Tógò àti Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó gbé àbá òfin náà kalẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2017.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rìnrìn àjò, a máa ń wúre fún un pé a kì í gbọ́ ikú odídẹrẹ́ ní oko ìwájẹ. Ìtàn tí a sọ yìí fi hàn pé odídẹrẹ́ ti kú púpọ̀ sí ìdálẹ̀, sí ibi tí kì í ṣe oúnjẹ ni ó wá lọ, tí ó jẹ́ pé wọ́n gbé e lọ ni. Àwọn tí ó wà nínú ilé nísinsìnyí, tí ènìyàn tọ́ dàgbà, kò lè padà sínú igbó mọ́. Ẹni tí ó ní ọ̀kan jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀ka tí ó dára àti ẹni tí yóò bá a dúró. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹnìkan bá fi odídẹrẹ́ igbó lọ̀ yín lọ́jà, ẹ má rà á. Bí kò bá sí odídẹrẹ́ nínú igbó mọ́, níbo ni a ó ti rí ìkóóde fi síwájú orí ìyàwó òrìṣà?