Caveat: Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ Láti Róòmù Dé Ara Ògiri Èkó

Ẹni tó bá ń rìn ní Èkó á ti rí i lára ògiri: ọ̀dà pupa, lẹ́tà gàdàgbà, òmíràn á ti ṣàn wálẹ̀ nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ ń kánjú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí aráyé ṣọ́ra fún oní-419. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ọ̀rọ̀ méjì kan lókè rẹ̀ tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì: CAVEAT EMPTOR. Látìn ni, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́.

Emptor ni ẹni tó ń rajà. Ara cavere ni caveat ti jáde, ìyẹn ni pé kéèyàn ṣọ́ra. Ohun tó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé "kí ó ṣọ́ra" ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an: "kí" àti "ó" tí àwa ń gbé síwájú, ìparí ọ̀rọ̀ ni Látìn kó wọn sí. Bó bá jẹ́ ẹni tó dúró níwájú ẹni là ń kìlọ̀ fún, cave ni wọ́n ń wí. Ní ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Pompeii, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ya ajá tí wọ́n fi ṣéènì dè, wọ́n sì kọ CAVE CANEM sí i: ṣọ́ra fún ajá. Eérú òkè Vesuvius bo ìlú náà lọ́dún 79. Ajá yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Cicero, òǹkọ̀wé Róòmù, sọ ìtàn kan tó dára ju ti ajá lọ. Crassus, ọ̀gágun Róòmù, ń kó ọmọ ogun wọkọ̀ ní èbúté Brundisium, ó ń lọ bá àwọn ará Parthia jà. Ẹnì kan ń kiri ọ̀pọ̀tọ́ ìlú Caunus létí omi, ó ń polówó: "Cauneas!" Crassus lọ, wọ́n sì pa á nítòsí Carrhae lọ́dún 53 ṣáájú ìbí Jésù. Ìgbà náà ni wọ́n wá ń wí pé bí ẹ bá sọ ìpolówó yẹn kíákíá, cave ne eas lẹ ó gbọ́: ṣọ́ra, má lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ gángan tí ohùn kan náà ń wí ọ̀rọ̀ méjì á mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí Látìn tàn yín, òfin Róòmù kò dá olùrajà dá ewu rẹ̀. Àwọn aedile, alábòójútó ọjà, pàṣẹ pé ẹni tó bá ń ta ẹrú tàbí ẹran gbọ́dọ̀ sọ àrùn àti àbùkù rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olùrajà lè dá a padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gbé gbogbo ẹrù náà ka olùrajà lórí. Lọ́dún 1603, ẹjọ́ Chandelor àti Lopus dé iwájú àwọn adájọ́. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ti ta òkúta kan ní 100 pọ́n-ùn, ó ní bezoar ni, èyí tí wọ́n ń rí nínú ikùn ẹran, tí wọ́n sì gbà pé ó ń pa oró májèlé. Kì í ṣe bezoar. Ilé ẹjọ́ ní òótọ́ ni pé ó fẹnu pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Olùrajà pàdánù. Ìdájọ́ yìí kò tọ́ lójú mi, ó sì pẹ́ kí òfin tó tún un ṣe tán: òfin ọjà títà ti 1893, tí Nàìjíríà náà jogún, ló kọ ojúṣe òǹtajà sílẹ̀.

Caveat nìkan tún di ìwé. Bí ogún bá dá ìjà sílẹ̀, ọmọ olóògbé lè kọ ọ́ sí ilé ẹjọ́, kí wọ́n má baà fún ẹlòmíràn láṣẹ lórí dúkìá láìjẹ́ pé òun gbọ́.

Ti ara ògiri wá yàtọ̀: onílé fúnra rẹ̀ ló ń kígbe. Ó lè wà lókè òkun, tàbí kó jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí kan ti ń mú oníbàárà wá wo ilé náà lẹ́yìn rẹ̀. Bí òjò bá fọ ọ̀dà náà, á tún un kọ.