Apátí, Apó, Ọ̀fun: Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Ìbọn Ìléwọ́ Ń Bèèrè

Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń fi èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìbọn. Nígbà tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kó ara wọn jọ ní 1872 tí Ṣàgámù fi di Ṣàgámù, ìbọn àti ẹ̀tù wà lára ẹrù tó ń gba Ìkòròdú wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ lọ sí Ìbàdàn. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ní Ìmàgbọ̀n, Òyìnbó gbé ìbọn Maxim dojú kọ àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú, ó sì borí wọn. Èdè tó la gbogbo èyí kọjá kò lè jẹ́ èdè tí kò ní ọ̀rọ̀ fún ìbọn.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ròyìn rẹ̀ lónìí. Ọlọ́pàá mú afurasí kan ní oríta Ṣàgámù, oníròyìn a ní wọ́n bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí. Tó bá gbìyànjú sí i, a ní ìbọn ìléwọ́, tàbí ìbọn àgbélẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dára. Ìléwọ́ jẹ́ ká mọ̀ pé ọwọ́ ló ń gbé e, kì í ṣe èjìká. Àgbélẹ̀rọ jẹ́ ká mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ wa níbí ló rọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a máa ń dákẹ́ sí. Tí ẹnìkan bá ní kí a sọ ohun tó wà nínú ìléwọ́ náà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí ewu rẹ̀ wà, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń sá lọ bá.

Kì í ṣe oníròyìn ni mo ń rò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá kan ni mo ń rò, láti Mákùn tàbí láti Ìpẹ̀rù ní Rẹ́mọ, tí ọmọ rẹ̀ bímọ sí Houston tó sì ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun wẹ ọmọ. Ní Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún un, lè gbé ìléwọ́ sára láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn ọmọ wa wà nínú àwọn tó ń gbé e, pàápàá àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Màmá yóò máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ba irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọmọ rẹ̀ yóò ní kó fọkàn balẹ̀, pé òun ti yọ mágásíìnì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán, ṣùgbọ́n Màmá kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bèèrè ìyókù.

Ìyókù ọ̀hún ni èyí. Ṣakabùlà, ẹnu ni a ti ń kì í. Ẹ̀tù ló kọ́kọ́ ń wọlé, lẹ́yìn náà ọta, a ó sì fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Tí a bá ti yìn ín, ó ṣófo títí a ó fi tún un kì. Ìléwọ́ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta tò sínú apó kan, mágásíìnì tí ọmọ Màmá wí, tí a tì bọ inú èèkù rẹ̀. Bí a bá fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ọta kan a kúrò nínú apó, a bọ́ sí ìdí ọ̀pá ìbọn, a sì dúró níbẹ̀ de ìka. Nígbà tó bá dún, agbára ìdún náà ló ń ti irin òkè padà, tó ń ju èèpo ọta dànù, tó sì ń fa òmíràn wọlé. Ara rẹ̀ ló ń kì, nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní akìrarẹ̀. Tí a bá yọ apó kúrò, ọta tó ti wà ní ìdí ọ̀pá kò bá apó lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kú lọ́wọ́ ìbọn tí ẹni tó ni ín búra pé ó ṣófo.

Kí ni ká pe ibi tí ọta ń dúró sí yẹn? Yàrá ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, àwọn atúmọ̀ kan yóò sì sáré mú ìyẹ̀wù wá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìyẹ̀wù jẹ́ ibi ìsinmi àti ibi àṣírí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun tó wà níbẹ̀ fẹ́ jáde. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni Yorùbá ti fún ìbọn ní ẹnu, ohun tó bá sì lẹ́nu, ó lọ́fun. Ọ̀fun ìbọn ni. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọta wà lọ́fun ìbọn ti mọ̀, láìsí àlàyé, pé ẹnu ló kù tí yóò gbà jáde. Ìbéèrè Màmá ti wá di gbólóhùn kan péré: "Ṣé kò sí ọta lọ́fun rẹ̀?"

Àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa fi ọ̀nà hàn wá. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìkejì rẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ni a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní Yorùbá títí di òní. Nígbà mìíràn wọn a fẹ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, nígbà mìíràn wọn a ṣe àpèjúwe, nígbà mìíràn wọn a yá ọ̀rọ̀. Ní ti ìbọn, mo gbà pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló yẹ kó ṣíwájú, nítorí ọwọ́ ọdẹ, jagunjagun àti alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti jáde wá, ìṣọ́ra àwọn tó lò wọ́n sì ṣì wà lára wọn.

Ẹ wo apátí. Ohun tí ìka ń fà ni, tí púpọ̀ wa ń pè ní tírígà. Òwe ló bá wa pa orúkọ rẹ̀ mọ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun? Ní Amẹ́ríkà, òfin mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ di ìbọn mú, Jeff Cooper ló sọ wọ́n di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Gbogbo ìbọn ni kí o kà sí èyí tó ní ọta. Má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ bà jẹ́. Má fi ìka kan apátí títí ìfojúsùn rẹ yóò fi wà lórí ohun tí o fẹ́ yìn. Mọ ohun tí o fẹ́ yìn dájú, kí o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ wà nínú òwe wa pátápátá, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí a tó bí Cooper. Nígbà tí a bá sọ pé tírígà, a ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrò lára ìkìlọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a bá sọ pé apátí, ọmọ tó gbọ́ Yorùbá yóò rántí òwe náà kó tó na ọwọ́.

Àwọn yòókù kò ní ká lọ́ra. Apó tí ọdẹ ń kó ọfà sí tó fún ohun tí a ń to ọta sí. Èèkù tí a mọ̀ lára idà àti àdá ni ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Àkọ̀ tí idà ń gbé inú rẹ̀ ni ìléwọ́ náà ń gbé. Ọta ní orí tó ń fò lọ, ó ní èèpo tó ń bọ́ sílẹ̀, ẹ̀tù sì wà nínú rẹ̀. Ohun kékeré tó ń tanná ran ẹ̀tù náà ní ìdí rẹ̀ lè jẹ́ ìṣáná ọta. Irin kékeré tí a ń gbà fi ojú wo ohun tí a fẹ́ yìn, ìfojúsùn ni, ọmọ ìyá àfojúsùn tí àwọn olóṣèlú ń pariwo rẹ̀ káàkiri. Irin tí kì í jẹ́ kí apátí ṣiṣẹ́ títí a ó fi ṣí i, ìdènà apátí. Ní ti irin òkè, mo ti gbọ́ tí ẹnìkan dá a lábàá pé ká pè é ní ìfàsẹ́yìn. Kò ṣeé gbà, torí pé ìfàsẹ́yìn ti ní iṣẹ́ mìíràn lẹ́nu wa. Irin òkè tó.

Ibi tó gba ìrònú ni ìrísí ìléwọ́ tí àwọn ènìyàn ń rà láti gbé sára lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu ni tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n igi tẹ́ẹ́rẹ́ la mọ̀, àti ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó ga tí kò sanra ni. Ohun tó ń tú àṣírí ìbọn lábẹ́ aṣọ kì í sábà jẹ́ gígùn ọ̀pá rẹ̀. Ìnípọn rẹ̀ ni, àti èèkù tó bá gùn jù. Nítorí náà, pẹlẹbẹ ni fún ìnípọn, ráńpẹ́ ni fún gígùn. Glock 19 tó jáde ní 1988 jẹ́ ìléwọ́ ráńpẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹlẹbẹ. Glock 43 ti 2015 jẹ́ méjèèjì, ọta mẹ́fà péré sì ni apó rẹ̀ ń gbà. Ní 2018, SIG Sauer gbé P365 jáde: ìnípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ínṣì kan lọ, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 3.1, apó rẹ̀ sì ń gba ọta mẹ́wàá. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ti ń sáré tẹ̀lé e. Pẹlẹbẹ àti ráńpẹ́ ti sọ gbogbo ìtàn yìí, a kò sì yá ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ jẹ́ ká dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tó ń gba àbúrò rẹ̀ nímọ̀ràn níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Houston. "Má wo dídán rẹ̀. Di èèkù rẹ̀ mú, kí o wò ó bóyá ìka kékeré rẹ ríbi dúró sí. Ìléwọ́ tó pẹlẹbẹ tó sì fúyẹ́ máa ń ta padà mọ́ni lọ́wọ́, torí kò wúwo tó láti gba agbára ẹ̀tù mọ́ra. Ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ìfojúsùn iwájú àti ti ẹ̀yìn sì sún mọ́ra, nítorí náà bí ọwọ́ rẹ bá yẹ̀ díẹ̀ níbí, ó ti jìnnà lọ́ọ̀ọ́kán. Ọta 9 mm ni kí o mú. Láti 1902 ni Georg Luger ti gbé e jáde, kò sì sí ibi tí o kò ti ní rí i rà. Àkọ̀ líle ni kí o rà, èyí tó bo apátí pátápátá. Àkọ̀ tó bá rọ̀ lè ká wọ ibi apátí, kí ó sì yin ìbọn mọ́ ọ nítan. Kí o tó gbé e jáde nílé, lọ yìn ín ní pápá títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n." Kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀. Ìyá tó jókòó nínú mọ́tò tó ń gbọ́ wọn yóò lóye gbogbo rẹ̀.

Gbígbé ìbọn sábẹ́ aṣọ ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló ṣòro nínú rẹ̀. Ọdẹ wa, èjìká ló ń gbé ìbọn kọ́, gbogbo ìlú a sì rí i. Àwọn Amọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020 náà kò fi tiwọn pamọ́. Ẹni tó bá fi ìbọn sábẹ́ agbádá lójú Yorùbá, olè ni, tàbí ẹni tó fẹ́ pànìyàn. Ní Texas, aráàlú tí òfin fọwọ́ sí ni. Àwọn kan ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gbọ́ ṣáṣá láti fi rọ́pò gbólóhùn yìí. Èmi sọ pé kí a má wá a. Gbígbé ìbọn sábẹ́ aṣọ ni kí ó máa jẹ́, kí ẹni tó bá kà á lè dúró bi ara rẹ̀ pé, nílẹ̀ ta ni? Lábẹ́ òfin wo?

Nítorí pé òfin yàtọ̀ gan-an. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí kẹta, ìbọn ọdẹ olóyìnbó wà ní ìkejì, àwọn méjèèjì sì lè ní ìwé àṣẹ. Ìléwọ́, èyíkéyìí tó bá jẹ́, wà ní ìsọ̀rí kìíní pẹ̀lú bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta, aráàlú kò sì lè ní in àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá ló wà fún ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Britain, lẹ́yìn tí apànìyàn kan pa àwọn ọmọ iléèwé ní Dunblane ní 1996, òfin 1997 gba ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ aráàlú. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ìyá tó bá fi ìwé ìrìnnà àbẹ̀wò wọlé kò gbọdọ̀ ní ìbọn ní ìkáwọ́, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹ wá ro ògbufọ̀ tó dúró ní ilé ẹjọ́ ní Ṣàgámù, tí wọ́n ka ẹ̀sùn ìléwọ́ sí àgbẹ̀ kan lọ́rùn, tí ògbufọ̀ sì sọ fún un pé wọ́n ní ó ní ìbọn. Àgbẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ìbọn. Ṣakabùlà tó fi ń lé ọ̀bọ lóko ló ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kan tó fò ti fẹ́ kó ọdún mẹ́wàá lọ nínú ayé ẹni.

Mo bẹ àwọn ọdẹ Rẹ́mọ, ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní Òde Rẹ́mọ, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn olùkọ́ Yorùbá jókòó tì wọ́n kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìbọn tó wà lẹ́nu wọn sílẹ̀, torí mo mọ̀ pé wọ́n ní èyí tó dára ju tèmi lọ. Mo bẹ àwọn ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ kí wọ́n má pe ìléwọ́ ní ìbọn lásán mọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ní ìléwọ́ nílé lókè òkun, kí ìyá yín tó sùn lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé, ẹ sọ fún un ní Yorùbá ibi tí ẹ tì í mọ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti bóyá ọta wà lọ́fun rẹ̀.