Owó Ìwádìí àti Àjàkálẹ̀ Àrùn Màlúù ní Ilẹ̀ Áfíríkà

Àrùn kan wà láyé àtijọ́ tí ó jẹ́ pé bí ó bá wọ agbo, darandaran tí ó ní ọgọ́rùn-ún màlúù lè má ní ju mẹ́wàá lọ mọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ibà ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran náà. Omi yóò máa ṣàn lójú àti nímú rẹ̀, egbò yóò bo ètè àti èrìgì rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru yóò tẹ̀ lé e, ikú kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Rinderpest ni àwọn onímọ̀ ń pe àrùn yìí, ọ̀rọ̀ èdè Jámánì tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju àjàkálẹ̀ àrùn màlúù lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1887 ni ó gba etí Òkun Pupa wọ ilẹ̀ Eritrea, láti ara ẹran tí a kó wá fún àwọn ọmọ ogun Ítálì. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ti dé ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, nínú màlúù mẹ́wàá, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni ó kú. Ìyàn ńlá mú ní Ethiopia. Ní ilẹ̀ tí ó padà di Àríwá Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ Fúlàní tí ó ti jẹ́ ọlọ́rọ̀ di ẹni tí kò ní ẹran kan ṣoṣo tí yóò fún wàrà rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ẹtì, ìjọba Cape ránṣẹ́ pe Robert Koch láti Jámánì ní ọdún 1896, ó sì gbọ́ bùkátà ìwádìí rẹ̀ ní Kimberley. Òróòro màlúù tí àrùn pa ni Koch ní kí a máa gún mọ́ àwọn tí ara wọn dá. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè paná àrùn náà.

Ní Nàìjíríà, nítorí àrùn yìí gan-an ni ìjọba ṣe dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ní ọdún 1924. Omi inú ẹ̀jẹ̀ màlúù tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

Vom yìí ni dókítà ẹran kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Walter Plowright, ti ṣiṣẹ́ láti 1953 sí 1955, kí ó tó lọ sí ilé ìwádìí Muguga lẹ́bàá Nairobi ní Kenya. Owó ìjọba Bírítéènì àti ti àwọn ìjọba Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni ó gbé Muguga ró. Àkókò ni owó náà rà fún Plowright jù lọ. Dókítà tí ń ti gáà kan bọ́ sí òmíràn, tí àwọn ẹran tí ń kú ń dúró dè é, kò lè jókòó ti ìbéèrè kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ ti wà nígbà náà, èyí tí J. T. Edwards ti fi ara ewúrẹ́ ṣe ní Íńdíà, ṣùgbọ́n ó máa ń dá àìsàn sí àwọn irú màlúù kan lára, nígbà mìíràn ó sì ń pa wọ́n.

Plowright àti R. D. Ferris tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú kíndìnrín ọmọ màlúù, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nínú ìgò. Ọ̀nà yìí ni Enders àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti là ní Amẹ́ríkà lórí àrùn rọpárọsẹ̀. Wọ́n fi fáírọ̀ọ̀sì àrùn náà sínú ìgò. Bí ó bá ti pọ̀ sí i, wọn a bù ú sí ìgò tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí ó fi tó ìgbà àádọ́rùn-ún, tí wọ́n sì ń gún un mọ́ màlúù láti mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé. Iṣẹ́ tí ń súni ni. Àwọn màlúù àyẹ̀wò ní láti wà ní àhámọ́, kí wọ́n máa jẹun, kí a máa wo ooru ara wọn, bí àbájáde wà bí kò sí. Nígbà tí ó di 1962, wọ́n tẹ̀wé jáde: fáírọ̀ọ̀sì náà kò lè dá àìsàn sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n màlúù tí ó bá gbà á bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà títí ayé rẹ̀. Ó tún rọ̀ lówó láti ṣe.

Ọdún 1962 náà ni ètò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Adágún Chad, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Owó ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wá, àwọn ìjọba Áfíríkà náà sì dá tiwọn. Nígbà tí ètò yìí parí ní 1976, orílẹ̀-èdè 22 ni ó ti kárí, àrùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Owó dáwọ́ dúró, àwọn tí ń ṣọ́ ẹran dín kù, abẹ́rẹ́ kò kárí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ṣì ń bẹ ní ààlà Mali òun Mauritania àti ní apá ibi kan ní Sudan. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ní ọdún 1983 ó padà wọ Nàìjíríà, a sì ṣírò pé ó tó ìdajì mílíọ̀nù màlúù tí ó bá a lọ. Ohun tí ìbá náni láti máa ṣọ́nà kò tó ìdá kékeré nínú òfò yìí.

Owó tún jáde. Ní 1986, Yúróòpù ran ètò mìíràn lọ́wọ́. Ní ìparí ọdún 1980 sí 1990, Jeffrey Mariner, dókítà ẹran ọmọ Amẹ́ríkà, fi owó ìwádìí ìjọba rẹ̀ yí bí a ṣe ń gbẹ abẹ́rẹ́ Plowright padà, tí ó fi lè wà fún bí oṣù kan láìsí fíríìjì. Darandaran fúnra rẹ̀ wá lè gbé e dé ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Kenya ni a ti rí àrùn náà kẹ́yìn, lára ẹfọ̀n, ní 2001. Ní 2011, a kéde fún gbogbo ayé pé ó ti parẹ́. Plowright, tí ó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1999, ti kú ní ọdún kan ṣáájú.

Ìbátan àrùn náà ṣì ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn ní ẹ̀yìnkùlé, èyí tí àwọn ará gúúsù Nàìjíríà ń pè ní káta. Fáírọ̀ọ̀sì tí a mú lára ewúrẹ́ kan ní Nàìjíríà ní 1975 ni a fi ṣe abẹ́rẹ́ tí a ń lò fún un káàkiri Áfíríkà àti Éṣíà. Ní ìpàdé Abidjan ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè fi 2030 ṣe ọdún tí wọ́n fẹ́ kí òun náà parẹ́.