Wákàtí Mẹ́jọ Tó Gba Ogún Ọdún

 

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí báàgì kan. Báàgì Ghana Must Go. Kò sí ilé tí kò sí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lílé èèyàn kúrò nílùú ló sọ ọ́ lórúkọ? Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó jáde ní Nàìjíríà. Àwọn ará Ghana tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Báàgì yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrù sí. Ẹ má sì gbàgbé pé àwa náà ti jẹ irú ìyà yẹn ṣáájú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n máa lọ. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ejigbò àti Ọ̀fà, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, ló padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Nítorí náà, a mọ ohun tí ìjọba lè ṣe fún àjèjì. Ìbéèrè tiwa lónìí yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó ń gbé yàrá kejì ńkọ́? Ẹni tó ń gbọ́ ẹkún ọmọ yín lóru, tó ń yá yín ní iyọ̀, kí ló lè ṣe lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ìjọba bá dé? Ìlú kan wà tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Glasgow ni, ìlú tó tóbi jù lọ ní Scotland. Ibẹ̀ là ń lọ lónìí.

Ọjọ́ ọdún ni

Ní òwúrọ̀ Thursday, ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún, ọdún 2021, ọkọ̀ Home Office kan dúró sí Kenmure Street, ní àdúgbò Pollokshields, ní ìhà gúúsù Glasgow. Home Office ni iléeṣẹ́ ìjọba London tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n. Ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni ọjọ́ náà bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí pọ̀ gan-an ní Pollokshields, pàápàá àwọn tí ìdílé wọn ṣẹ̀ wá láti Pakistan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n wọ ilé kan, wọ́n mú ọkùnrin méjì, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n ti gbé Britain fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀.

Kí ọkọ̀ yẹn tó ṣí, ọkùnrin kan wọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó sùn síbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: abẹ́ ọkọ̀. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ló lò níbẹ̀ kó tó jáde.

Àwọn mìíràn dé, wọ́n jókòó sílẹ̀ yí ọkọ̀ náà ká. Ìròyìn bọ́ sórí WhatsApp àti Twitter. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, títì ti kún fọ́fọ́. Àsìkò kòrónà ni o, òfin má-kóra-jọ ṣì wà, síbẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló jáde pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu. Ẹni tó múra ọdún wá, ẹni tó sá kúrò níbi iṣẹ́ wá, ọmọ Scotland tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí wá. Àwọn ará àdúgbò ń gbé omi àti oúnjẹ jáde. Ohun tí wọ́n ń kígbe kò lọ́jú pọ̀: aládùúgbò wa nìwọ̀nyí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ọlọ́pàá dé, wọ́n pọ̀, àmọ́ èrò pọ̀ jù wọ́n lọ. Agbẹjọ́rò Aamer Anwar wá síbẹ̀, ó bá àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Nicola Sturgeon, olórí ìjọba Scotland nígbà náà, tó tún jẹ́ aṣojú àdúgbò yẹn gan-an nílé ìgbìmọ̀, bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí Home Office ṣe. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọlọ́pàá Scotland sọ pé nítorí ààbò àti ìlera àwọn ará ìlú, àwọn máa tú àwọn ọkùnrin méjèèjì sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ariwo ta. Àwọn èèyàn sìn wọ́n lọ sí mọ́sálásí tó wà nítòsí.

Fídíò rẹ̀ kárí ayé. Bóyá ẹ̀yin náà rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí fídíò yẹn ò lè fi hàn yín ni ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbọ́ lónìí: wákàtí mẹ́jọ yẹn, ogún ọdún ni wọ́n fi gbìn ín. Ẹ̀jẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ìlú tí kò kọ́kọ́ fẹ́ àjèjì

Ní ọdún 1999, ilé aṣòfin ní London ṣe òfin kan tó gba ìjọba láyè láti kó àwọn tó ń wá ibi ìsádi kúrò ní London àti gúúsù England, kí wọ́n pín wọn káàkiri. Glasgow gbà láti kó wọn sílé. Kí nìdí? Ilé gíga tó ṣófo pọ̀ níbẹ̀, àwọn ilé alájà ogún, alájà ọgbọ̀n, tí àwọn onílùú fúnra wọn ti ń sá kúrò nínú rẹ̀ nítorí ó ti ń bàjẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn Kurd, àwọn ará Kosovo, Somalia, Iraq, Congo àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn sí.

Ẹ wò ó báyìí: àdúgbò tí ìyà ti ń jẹ àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ wá kó àlejò tí kò gbọ́ èdè wọn síbẹ̀, ẹ ò sì múra àwọn onílé sílẹ̀ dáadáa. Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ìjà ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, wọ́n gún Firsat Dag lọ́bẹ pa ní àdúgbò Sighthill. Kurd ni, láti Turkey, ọmọ ọdún 22. Kò tíì pẹ́ tó dé ìlú náà rárá.

Ikú yẹn dẹ́rù ba ìlú. Àwọn tó ń wá ibi ìsádi jáde sí títì láti fẹ̀hónú hàn, àwọn onílé kan ní Sighthill sì bá wọn rìn. Ìjọ Ọlọ́run, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn jọ: ẹ wá mu tíì, ẹ wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mú ọmọ yín wá bá tiwa ṣeré. Ó lè dà bí ohun kékeré létí yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ?

Àwọn ọmọbìnrin àti àwọn ìyá àgbà

Nígbà tó fi máa di ọdún 2005, àwọn ọmọ àlejò yìí ti di ọmọ Glasgow. Ohùn wọn ti di ti Glasgow. Ṣùgbọ́n Home Office ń wá ní ìdájí, kí ojúmọ́ tó mọ́, wọ́n ń jálẹ̀kùn, wọ́n ń kó odidi ìdílé, tọmọ tìyá, lọ sí àtìmọ́lé. Kí nìdí tó fi jẹ́ ìdájí? Torí gbogbo èèyàn máa wà nílé. Àti pé àwọn aládùúgbò ṣì ń sùn.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n kó ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, àwọn Roma láti Kosovo. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Drumchapel High School. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé kíláàsì tí wọn ò rí i, wọn ò kàn sunkún kí wọ́n máa lọ. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ wọn, Euan Girvan, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba ìbuwọ́lù, wọ́n gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Scotland lọ, wọ́n bi Jack McConnell, olórí ìjọba ìgbà náà, ní ìbéèrè lójúkojú. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n o! Àwọn kan nínú wọn, bí Amal Azzudin tó wá láti Somalia àti Roza Salih tó jẹ́ Kurd láti Iraq, àwọn fúnra wọn ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n máa jẹ́ kí ìdílé tiwọn dúró. Àwọn kan sì jẹ́ ọmọ Scotland pọ́ńbélé. Ọ̀rẹ́ wọn padà wá sí Glasgow. Ayé wá ń pe àwọn ọmọ náà ní Glasgow Girls, wọ́n sì fi ìtàn wọn ṣe eré olórin lórí ìtàgé ní 2012.

Ní àsìkò kan náà, ní àwọn ilé gíga Kingsway ní Scotstoun, àwọn ìyá àgbà ọmọ Scotland ń jí ní ìdájí. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òtútù, wọ́n ń ṣọ́ títì. Tí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ Home Office lókèèrè, wọ́n á tẹ fóònù. Àwọn ìdílé tó wà nínú ewu á yára jáde lọ sí yàrá aládùúgbò mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ á gun òkè, wọ́n á kanlẹ̀kùn, wọ́n á bá ilé lófìfo. Ẹ fojú inú wo ìyá yín àgbà níbi iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní aago márùn-ún ìdájí! Kì í ṣe òṣèlú ló gbé wọn dìde. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bá ṣeré nísàlẹ̀ ilé ni.

Ní 2006, àwọn èèyàn ṣí ọ́fíìsì kékeré kan tó ń jẹ́ Unity Centre ní Ibrox, nítòsí ibi tí Home Office ti ní kí àwọn tó ń wá ibi ìsádi máa wá fi ojú hàn. Iṣẹ́ wọn rọrùn. Kẹ́ ẹ tó wọlé lọ bá Home Office, ẹ yà lọ́dọ̀ wọn, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ padà wá sọ fún wọn. Tẹ́ ẹ ò bá padà, wọ́n á mọ̀ pé wọ́n ti dá yín dúró, wọ́n á pe agbẹjọ́rò àti ẹbí yín lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ tún fo ọdún díẹ̀. Ní 2018, iléeṣẹ́ Serco, tí ìjọba gbéṣẹ́ ilé àwọn tó ń wá ibi ìsádi fún, kéde pé òun máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé nǹkan bí 300 èèyàn tí wọ́n ti kọ ẹ̀bẹ̀ wọn. Àwọn ará ìlú dá No Evictions Network sílẹ̀: ẹni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó máa tan ìròyìn, ẹni tó mọ agbẹjọ́rò. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ yẹn dé Kenmure Street ní 2021, àwọn èèyàn ìlú yẹn ti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n ti ń dánra wò tipẹ́.

Ohun tó ṣe, ohun tí kò ṣe

Ẹ má jẹ́ ká fi iyọ̀ dídùn bo ọbẹ̀. Kenmure Street kò yí òfin padà. Kò sọ àwọn ọkùnrin méjì yẹn di onípáálí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣì ní ẹjọ́ láti máa bá kiri. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, London tún ṣe òfin ìmígíréṣọ̀n tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ṣì ń mú èèyàn, wọ́n ṣì ń dá èèyàn padà.

Kí wá ni àǹfààní rẹ̀? Àkókò. Ẹni tí wọ́n bá gbé ní ìdájí tí ẹnikẹ́ni ò rí, ó lè ti wà lọ́nà ibùdókọ̀ òfurufú kí agbẹjọ́rò tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ tó láti pe agbẹjọ́rò. Ó tó láti jẹ́ kí ẹjọ́ di ohun tí wọ́n máa gbọ́ ní gbangba. Ohun tí irú iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ ni ìyára àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Aládùúgbò tó jáde ti gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìyípadà kan náà sì wà tó pẹ́ kó tó dé. Ní 2010, ìjọba tuntun ní London kéde pé òun máa fòpin sí títi àwọn ọmọdé mọ́lé nítorí ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n, ohun tí àwọn ọmọ Drumchapel ti ń pariwo fún láti 2005. Ní 2022, Roza Salih, ọmọ ilé ìwé ọjọ́sí, wọlé ìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú Glasgow. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, àwọn èèyàn yí ọkọ̀ ìmígíréṣọ̀n ká ní Peckham, London, títí wọ́n fi fi ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Peckham! Ẹ mọ Peckham. Níbi tẹ́ ẹ ti lè ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti iṣu, tẹ́ ẹ sì máa fi Yorùbá ná an.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. A sábà máa ń pa òwe yẹn fún ẹni tó ń ṣàìdáa. Ṣùgbọ́n ó ní ìdí mìíràn: ìgànná kan náà ló wà láàrin yàrá yín àti tiẹ̀. Ohun tó bá kàn án, ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹni tó jí lóru ní Kingsway, òun gbọ́ ọ, ó sì dìde.

Nítorí náà, iṣẹ́ kékeré kan kí n tó lọ. Yálà Agége lẹ wà, tàbí Ìbàdàn, Kùtọnu, London tàbí Houston: ṣé ẹ mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ìkọjá ilẹ̀kùn yín? Ṣé ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀? Tí ẹ ò bá ní, ẹ lọ kí i lónìí. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé kọ́ ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí aládùúgbò kan.