Ààlà Iná àti Ààlà Ohùn: Àtúnyẹ̀wò Ètò Kírọ́sófà àti Àńpílífáyà Nínú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn tí ń kọ̀wé ìtọ́sọ́nà fún àwọn rewáyà àti àwọn olùfẹ́ orin inú ọkọ̀ kì í yéé tún sọ, pé kí wọ́n yí bọ́tìnì wúfà sí 80 Hz, kí wọ́n yí ti sípíkà ilẹ̀kùn sí 80 Hz bákan náà, kí wọ́n sì yan ìdagẹ̀rẹ́ kan náà fún méjèèjì, ohùn yóò sì pín síbi tí nọ́ńbà wí. Àpilẹ̀kọ yìí kò bá 80 jà, nítorí ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń takò ni èrò tí ó fara pamọ́ sábẹ́ ìmọ̀ràn náà, pé ohun tí wọ́n kọ sára àńpílífáyà ni etí yóò gbọ́.

Kò sí ìdí láti pẹ́ lórí ohun tí òǹkàwé ti mọ̀. Kírọ́sófà ni ó ń pín orin ní ìbámu pẹ̀lú Hz, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó fi ń rán ohùn ìsàlẹ̀ sí wúfà, ti àárín sí ilẹ̀kùn, ti òkè sí tùwítà. Èyí tí ó ṣáájú àńpílífáyà ni áktífù. Èyí tí ó wà láàrin àńpílífáyà àti sípíkà, tí wọ́n fi kàpásítọ̀ àti kọ́ìlì ṣe, ni pásífù. Ìdagẹ̀rẹ́ ni bí ohùn ṣe ń yára lọọlẹ̀ tó lẹ́yìn ààlà, tí a ń fi dB wọ̀n fún ìlọ́po méjì Hz kọ̀ọ̀kan: 6, 12, 18 tàbí 24.

Pásífù ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí èrò náà. Kàpásítọ̀ 13.3 máíkírófárádì tí wọ́n so mọ́ tùwítà 4 óòmù ń pààlà ní nǹkan bí 3,000 Hz. Bí rewáyà bá ra tùwítà 8 óòmù ní ọjà Ladipo, tí ó fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ààlà ti sọ̀ kalẹ̀ sí 1,500 Hz láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kàpásítọ̀, tùwítà yóò sì máa gba ohun tí apá rẹ̀ kò ká. Àwọn alátakò, ìyẹn àwọn tí ń fúnni ní ìmọ̀ràn 80 sí 80, yóò sọ pé àléébù pásífù nìyẹn, pé áktífù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ni ìyípadà óòmù kò mi áktífù, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an kò sí nínú óòmù.

Ó yẹ kí a ya ààlà iná sọ́tọ̀ kúrò lára ààlà ohùn. Ààlà iná ni ohun tí kírọ́sófà ṣe sí iná kí ó tó dé sípíkà. Ààlà ohùn ni ohun tí ó jáde sínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí sípíkà ti fi ìwà tirẹ̀ kún un. Sípíkà ilẹ̀kùn kò dúró de kírọ́sófà kí ohùn rẹ̀ tó lọọlẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá dí dáadáa, nísàlẹ̀ ìwọ̀n tí sípíkà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ̀n, ohùn rẹ̀ ń fi 12 dB lọọlẹ̀ fún ìdajì Hz kọ̀ọ̀kan, yálà kírọ́sófà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ìdagẹ̀rẹ́ méjì ni ó wà nígbà náà, wọ́n sì ń ròpọ̀ mọ́ ara wọn ni.

Iṣẹ́ tí Siegfried Linkwitz tẹ̀ jáde ní 1976, nígbà tí òun àti Russ Riley wà ní ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard, jẹ́ kí èyí ṣeé ṣírò. Ìdagẹ̀rẹ́ 24 dB tí ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì ni ìdagẹ̀rẹ́ 12 dB ti irú tí a ń pè ní Butterworth tí a to méjì léra wọn: níbi ààlà, ìhà kọ̀ọ̀kan ti fi 6 dB rẹlẹ̀, àpapọ̀ wọn sì tẹ́jú. Nítorí náà, bí sípíkà ilẹ̀kùn kan bá ti ní ìwà Butterworth 12 dB láti 80 Hz wá, tí wúfà kò sì tíì rẹ̀ níbẹ̀, 12 dB péré ni kí a fi kún ti ilẹ̀kùn, kí a sì fi 24 dB sí wúfà. Nọ́ńbà ara bọ́tìnì kò bá ara mu, ohùn ni ó bára mu. Ẹni tí ó tẹ̀lé ìmọ̀ràn àwọn alátakò, tí ó fi 24 dB sí ìhà méjèèjì, yóò mú kí ilẹ̀kùn máa fi 36 dB lọọlẹ̀, ohùn ìhà méjèèjì kò ní rìn papọ̀ mọ́, ihò tí ó ju 4 dB lọ yóò sì yọ ní 80 Hz gan-an, níbi tí ìró ìlù ti yẹ kí ó kún jù. Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé ẹni tí ń ta ẹ̀rọ orin yóò dá wúfà lẹ́bi, yóò sì ta òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ fún oníbàárà.

A lè sọ pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ kì í pé báyẹn, pé ó ní ihò, pé irin rẹ̀ ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí nọ́ńbà ara bọ́tìnì kò fi lè dá ààlà fún un.

Lórí àńpílífáyà, gẹ́ìnì kì í ṣe bọ́tìnì ariwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí fóòtì tí ó ti inú rédíò wá bá ohun tí àńpílífáyà ń retí mu. Ẹni tí ó fẹ́ 100 wáàtì lórí 4 óòmù ń wá 20 fóòtì, nítorí gbòǹgbò onílọ́po méjì 100 ìlọ́po 4 nìyẹn; yóò tú sípíkà kúrò, yóò fi ohùn ìdánwò kan ṣoṣo sí i, yóò sì yí gẹ́ìnì títí mítà yóò fi kà á. Bí ó bá ti kọjá ibi tí agbára àńpílífáyà mọ, orí ìgbì yóò gé, ìgbì tí ó sì gé di onígun mẹ́rin lè gbé ìlọ́po méjì agbára ìgbì pípé tí gíga wọn dọ́gba. Gbogbo èyí ni àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà ti wí. Ohun tí wọn kò wí ni pé gẹ́ìnì pàápàá ń sún ààlà ohùn. Bí wúfà bá fi 6 dB ga ju ilẹ̀kùn lọ lórí ìdagẹ̀rẹ́ Linkwitz-Riley 24 dB, ibi tí ìhà méjèèjì ti dọ́gba kò sí ní 80 Hz mọ́. Ó ti gòkè dé 95 Hz, ìró ìlù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé inú búùtù ni òun ti ń wá. Ẹni tí ó yí gẹ́ìnì ti yí kírọ́sófà láìmọ̀.

Kò yẹ kí a sọ pé ìmọ̀ràn 80 sí 80 kò lè tọ́ láéláé. Ó ṣeé ṣe kí sípíkà kan wà tí ohùn rẹ̀ kò rẹ̀ títí dé 40 Hz, tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀kùn tí kò jò rárá, tí gẹ́ìnì rẹ̀ sì bá ti wúfà dọ́gba. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn alátakò kò jìnnà sí òótọ́. Ó kàn ṣòro láti mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú sípíkà ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí àgbéyẹ̀wò yìí kò lè gbà tán, tí iṣẹ́ mìíràn tí ń bọ̀ yóò dojú kọ: ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ohùn 80 Hz gùn tó nǹkan bí mítà 4.3, nítorí náà bí wúfà búùtù bá fi mítà 2.15 jìnnà sí etí awakọ̀ ju sípíkà ilẹ̀kùn lọ, ohùn méjèèjì yóò pa ara wọn níbi ààlà bí ìdagẹ̀rẹ́ wọn tilẹ̀ pé. Bákan náà, nínú ọkọ̀ tí gígùn inú rẹ̀ tó mítà 2.5, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn ìsàlẹ̀ sókè láti nǹkan bí 69 Hz lọ sísàlẹ̀, bí gíláàsì bá wà ní pípadé. Bí awakọ̀ bá ṣí fèrèsé, apá kan ìrànlọ́wọ́ yẹn yóò jò dànù. Wíwọn ohùn inú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú gíláàsì tí a pa, tí éésì ń ṣiṣẹ́, àti pẹ̀lú gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ṣíṣí, ni iṣẹ́ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀.