Inú rírun nǹkan oṣù: Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mọ̀

Yálà ní Queen Idia Hall nínú ọgbà Fásitì Ìbàdàn ni o, tàbí nínú yàrá táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà ní Àgbowó àti Bódìjà, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni inú rírun máa ń dá dùbúlẹ̀ lóṣooṣù. Kíláàsì ò sì ní dúró dè wọ́n. Ọ̀pọ̀ fásitì Nàìjíríà ló ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ìdá 75 nínú 100 kíláàsì kó tó lè ṣe ìdánwò.

Kí ló ń fà á?

Tí obìnrin ò bá lóyún lóṣù náà, ilé ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í da awọ inú rẹ̀ nù. Èròjà kan tó ń jẹ́ prostaglandin ló ń mú kí ilé ọmọ fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Bí èròjà yìí bá pọ̀ jù, inú á máa run gan-an. Ó tún lè fa èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti orí fífọ́. Ìrora náà kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ni?

Rárá o. Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́ ló ń fún ilé ọmọ pọ̀. Àwọn míì á ní, "Tó o bá ti bímọ, á lọ." Lóòótọ́, ó máa ń dín kù fún ọ̀pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àmọ́ ẹni tó ní ìdánwò lọ́la ò lè dúró de ìyẹn.

Kí lẹ lè ṣe?

Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, kẹ́ ẹ gbé e lé ìsàlẹ̀ ìdodo. Oògùn bí ibuprofen máa ń dín prostaglandin kù. Ó dáa kẹ́ ẹ tètè lò ó tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Àmọ́ ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, àsímà tàbí àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dọ́kítà.

Ìgbà wo lẹ gbọ́dọ̀ rí dọ́kítà?

Tí ìrora ń le sí i lóṣooṣù, tí oògùn ò ràn án, tí páàdì ń kún láàárín wákàtí kan, tàbí tí inú ń run nígbà tí nǹkan oṣù ò sí. Ó lè jẹ́ ìju, ó sì lè jẹ́ endometriosis, tí àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé ó ń ṣe nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ. Ilé ìwòsàn Jaja wà nínú ọgbà Fásitì Ìbàdàn, UCH náà ò sì jìnnà.

Ẹ má fi ṣe àṣírí. Tí ìrora bá mú kẹ́ ẹ pa ìdánwò jẹ, ìwé dọ́kítà ló máa jẹ́rìí yín, ẹnu lásán ò tó.